Omi Ní Í Ṣáájú Iná

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá púpurú dára, kó má wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri. Ní ọjà Okitipupa tàbí Igbotako, àlejò á kọjá lára àwọn ìṣù róbótó yẹn, á rò pé ohun tí iná jó bàjẹ́ ni wọ́n pàtẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á gbé ẹyọ kan, á fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, á fi èékánná ha ibì kan kó lè rí funfun tó wà lábẹ́. Bí funfun yẹn bá mọ́, tí kò ní kókó, tí òórùn èéfín rẹ̀ kò sì le jù, ó ti mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò kánjú. Àìkánjú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ju sùúrù lásán lọ.

Àwọn Ìkálẹ̀, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Àpọ́ì ló ni púpurú. Ẹ̀gẹ́ náà ni, ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará òkè fi ń ṣe láfún. Ṣùgbọ́n oòrùn ló ń gbẹ láfún, bẹ́ẹ̀ oòrùn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fọkàn tán. Òjò pọ̀ níbẹ̀, igbó ṣú, òkun kò sì jìnnà. Ẹ̀gẹ́ tí a bá sá síta ní oṣù kẹfà, ó ṣeé ṣe kó bu kó tó gbẹ. Èrò tèmi ni pé ohun tó mú kí iná gba iṣẹ́ oòrùn ṣe nìyẹn.

Wọ́n á bẹ èèpo ẹ̀gẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sómi: nínú ìkòkò, nínú dúrọ́ọ̀mù, tàbí létí odò. Ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà. Ìyá tó mọ iṣẹ́ kì í ka ọjọ́ nìkan. Á ki ọwọ́ bọ omi, á fi àtàǹpàkò tẹ ẹyọ kan ní àárín. Bó bá ṣì ń ta ko ìka, kò tíì gbọ́ nìyẹn. Á jù ú padà. Bó bá fọ́ lábẹ́ ìka láìjanpata, tí okùn àárín rẹ̀ sì yọ gbọọrọ láìfa ẹran ẹ̀gẹ́ dání, ó ti tó. Á tún gbọ́ òórùn omi náà, nítorí kíkan tó mọ́ yàtọ̀ sí rírà. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, iṣẹ́ á pẹ́. Bó bá gbóná, á yá. Kò sí aago tó lè sọ èyí fún ènìyàn.

Ọwọ́ náà ló ń yọ okùn. Wọ́n á bu ẹ̀gẹ́ rírọ̀ náà, wọ́n á máa fi ìka wá a káàkiri, wọ́n á máa fa okùn àti èyí tó le jù sọnù. Lẹ́yìn náà, ó di inú àpò, òkúta tàbí igi ńlá á gun orí rẹ̀, omi á sì máa ro jáde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin ti máa ń ṣìṣe. Bí omi tó kù bá pọ̀, ìṣù á rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, á tẹ́ sórí àjà. Bó bá gbẹ jù, á sán, èéfín á sì gba ojú sísán wọlé lọ sọ funfun di eléèérí. Èyí tó dára á di mọ́ ọwọ́ díẹ̀, á sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á tò ó sórí àjà lókè ààrò.

Iná rẹ̀ kì í ṣe iná ìsebẹ̀. Bó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìṣù á gan kíákíá, omi á há sínú, àárín á sì bàjẹ́. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni, èéfín ju ọwọ́ iná lọ, wọ́n á sì máa yí i títí gbogbo ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ara dúdú yẹn ló ń dáàbò bo inú. Púpurú tí a kò tíì ha lè pẹ́ nílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha dúdú kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, wọ́n á fi omi gbígbóná rò ó. Pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja tútù láti Igbokoda, ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú omi yẹn ni mo kà sí ọ̀gá iṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Ó tún ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀, linamarase, tó lè tú májèlé náà. Inú ewé àti iṣu ẹ̀gẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ògiri tó tín-ín-rín ló pín wọn níyà. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá rọ̀ nínú omi, ògiri wó, wọ́n pàdé, sáyánáìdì, oró inú májèlé náà, yọ, ó bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Bí ènìyàn bá gbé ẹ̀gẹ́ kíkorò kaná láìrẹ ẹ́, iná á pa ẹ́ńsáìmù, májèlé á sì kù síbẹ̀. Ní agbègbè Bandundu ní Kóńgò, nígbà tí ọ̀nà dára tí ọjà Kinshasa sì ń fa ẹ̀gẹ́, àwọn kan gé ọjọ́ rírẹ kúrú kí ọjà lè yá. Àrùn konzo tẹ̀lé e, èyí tó ń rọ ẹsẹ̀ ènìyàn lójijì, tí kì í sì í sàn.

Ohun kejì tí omi kíkan ń ṣe kò hàn sójú. Nínú ẹ̀gẹ́, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti èérí èkùrọ́, ohun kan wà tó ń jẹ́ fáítéètì. Ó fi fọ́sífétì mẹ́fà yí ara rẹ̀ ká, ó sì ń di irin, síǹkì àti kálísíọ́ọ̀mù mú, kí ara má baà rí wọn lò. Ẹ́ńsáìmù tó ń já fọ́sífétì wọ̀nyí kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni phytase. Suzuki, Yoshimura àti Takaishi ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1907, láti inú èérí ìrẹsì ní Japan. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tó ń mú ẹ̀gẹ́ kan, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán kí ìṣù tó gun àjà, nítorí náà kò kan ẹnikẹ́ni bí iná bá pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́sìn adìẹ, tí òun náà nílò phytase, yàtọ̀. Adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja kò ní phytase tó pọ̀ nínú ikùn. Nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń ṣe fíìdì, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ fáítéètì, èyí tó ń gba inú wọn kọjá sínú ìgbẹ́, òjò á sì gbá a dé odò. Ewé omi á pọ̀, ẹja á máa wá atẹ́gùn. Ọlọ́sìn náà á tún fi owó ra fọ́sífétì mìíràn dà sí i. Ní 1991, wọ́n gbé phytase jáde fún títà, láti ara Aspergillus niger, ọ̀kan nínú ìran olú tí kì í yọ fìlà, irú èyí tó ń hù dúdú lára oúnjẹ tó ti bu. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìdì oníkóró ń fi ooru omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ooru náà lè kọjá ìwọ̀n 80 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Inú adìẹ ni phytase ti fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn iná sì ni ó máa débẹ̀.

Ibí ni Aspergillus fumigatus, olú mìíràn nínú ìran kan náà, ti wọlé. Inú òkìtì pàǹtí tó ń jẹrà tó sì ń gbóná ló fẹ́ràn. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní Basel ròyìn pé phytase rẹ̀ fara da ìwọ̀n 100 fún ìṣẹ́jú 20, tí agbára rẹ̀ sì dín kù ní ìdá 10 nínú 100 péré. Èyí mú kí wọ́n rò pé ara rẹ̀ le ni. Ọdún kejì ni àṣírí tú: kò le rárá. Láàárín ìwọ̀n 50 sí 70 ni òun àti ti niger ti ń tú palẹ̀. Ti niger kì í padà sí ipò dáadáa mọ́. Ti fumigatus, bí ooru bá ti rọlẹ̀, á wé ara rẹ̀ padà ní ìlà-ìlà tó wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé gèlè tó tú ń wé ara rẹ̀ láìsí ọwọ́ obìnrin kan níbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó kọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti da olú náà fúnra rẹ̀ sínú fíìdì o. Ó ń kó àrùn sí ẹ̀dọ̀fóró adìẹ àti ti ènìyàn. Àwọn onímọ̀ á yọ àbùdá (jíìnì) ẹ́ńsáìmù náà lára rẹ̀, wọ́n á gbìn ín sínú ẹ̀dá mìíràn tí kò léwu, èyí ni yóò máa ṣe ẹ́ńsáìmù náà jáde.

Ọlọ́sìn Ode-Irele tó ń lọ fíìdì ní ìyẹ̀fun, tí kò ní ẹ̀rọ ooru kankan, kò nílò phytase tó lè la iná kọjá. Èyí tó wọ́pọ̀ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó má baà san owó ìdáàbòbò lọ́wọ́ ooru tí kò nílò. Ẹni tó ń ṣe oúnjẹ ẹja tó ń léfòó lórí omi ló yẹ kó béèrè dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, nítorí ẹ̀rọ yẹn ń kọjá ìwọ̀n 100. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan ti gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń tẹ kóró tán, wọ́n ń jẹ́ kó tutù, kí wọ́n tó fín phytase olómi sí i lára.