Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Wàhálà àti Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: Àríwísí Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìlera Wa

Gbólóhùn méjì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àwọn èèyàn lọ́jà àti àwọn olóòtú ètò ìlera lórí rédíò ló sábà máa ń sọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni "ẹ̀jẹ̀ yín ń ru". Èkejì ni "ẹ yé ṣe wàhálà". Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì pa pọ̀ yóò gbà pé wàhálà ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, àti pé bí wàhálà bá ti lọ, ẹ̀jẹ̀ náà yóò rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ara èèyàn kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ ara wa ń kọ́ wa ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ wà nílé tí a ò lò ó.

Kì í ṣe pé mo kàn ń fi gírámà da èèyàn láàmú o. Ní agbègbè wa níbí, láti Ketu dé Ikosi títí dé Mile 12, mo ti gbọ́ irú gbólóhùn yìí lẹ́nu èèyàn ju ẹyọ kan lọ: "Mo lo oògùn náà, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún rọlẹ̀, mo bá fi í sílẹ̀. Kò ru mọ́." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Ó ronú dáadáa. Bí àìsàn bá jẹ́ ríru, ìgbà tí kò bá ru, àìsàn ò sí nìyẹn. Èdè tí a fi bá a sọ̀rọ̀ ló tẹ̀ lé, èdè yẹn ló sì lè gbé e dé ibi àrùn rọpárọsẹ̀.

Kí ni "ru" ń sọ?

Òkun ń ru. Ìbínú rẹ̀ ru sókè. Nínú gbólóhùn méjèèjì, "ru" ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀, yóò parí, ojú rí i tàbí ara mọ̀ ọ́n. Ẹ fi wé "kún" tàbí "ga", tí wọ́n ń sọ ipò tí nǹkan wà. Àwọn ará Agíliti àti Ajégúnlẹ̀ létí Mile 12 mọ ìyàtọ̀ yìí ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Nígbà òjò, tí wọ́n bá tún tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, odò Ògùn lè rọra kún lóru láìpariwo. Ẹni tó sùn yóò jí bá omi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Odò náà kò ru. Ó kún ni.

Ohun tí àwọn dókítà ń wí súnmọ́ kíkún ju ríru lọ. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní onítọ̀hún ti ní in. Ọ̀pọ̀ wọn ni orí kì í fọ́, tí òòyì kì í kọ́, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ló ga, ó sì ga bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, yálà inú onítọ̀hún dùn tàbí kò dùn.

Ṣé kí a wá ju "ẹ̀jẹ̀ ríru" nù? Rárá. Ó kúrú, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, a kì í sì í fi òfin lé ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu aráàlú. Ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ ní Èkó gan-an ló burú jù. "Mo ní BP." Ẹ gbà mí o! Gbogbo wa la ní BP, ẹni tí kò bá ní in ti kú. Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì mọ́ lọ́wọ́. "Tension" tó wà nínú "hypertension" ni àwọn èèyàn wa ń gbọ́ bí "má fún mi ní tẹ́ńṣàn". Ibi kan náà ni àṣìgbọ́ méjèèjì ń gbé wa lọ.

Wàhálà ò tó o

"Wàhálà" ti ọwọ́ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn náà sì gbà á láti inú èdè Lárúbáwá. Mi ò bínú sí i nítorí ìyẹn, ọmọ onílé ló ti dà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun tó wà níta nìkan ló ń dárúkọ: gbèsè, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Ketu dé Ojota, tòmátì tó bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó dé láti òkè Ọya. Kò dárúkọ ohun tí ara ń ṣe nígbà tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá dé bá a.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kọsẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó kàn wá. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ irin ni "stress" tẹ́lẹ̀. Ní 1936, Hans Selye, tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal, kọ lẹ́tà kékeré kan sí ìwé ìròyìn Nature. Ó ti fi òtútù, ọgbẹ́, eré àsápajúdé àti oògùn olóró dán àwọn eku wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì rí i pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn jọra. Nígbà tó yá, ó fi "stress" pe ìdáhùn ara yìí. Nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ẹrù tó wà níta, ó ní láti dá ọ̀rọ̀ mìíràn, "stressor", sílẹ̀ fún ẹrù. Àwọn tó tẹ̀ lé e ti jẹ́ ká mọ̀ pé ìdáhùn náà kì í rí bákan náà délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹrù àti ìdáhùn ṣì dúró. Àwa tí a ń túmọ̀ wá gbé ọ̀rọ̀ tó ti lọ́ pọ̀ yìí, a fi "wàhálà" rọ́pò rẹ̀, ìdáhùn ara sì ṣubú dànù lójú ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tó yọrí sí. Òṣìṣẹ́ ìlera á dúró níwájú alábàárù tó ti ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti ìdájí, á ní, "Ẹ yé ṣe wàhálà." Kí ni kí ó ṣe? Kó má jẹun? Ìmọ̀ràn di ẹ̀bi lọ́rùn aláìsàn.

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ nìyí tí orúkọ ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn lórí, tí ìwé ò wọlé sí wọn lọ́pọlọ mọ́. "Brain fag" ló pè é. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, àwọn Òyìnbó ti lò ó fún ara wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Síbẹ̀ ó di àìsàn "wa". Ní 1994 ó wọ inú àkójọ àìsàn àṣà nínú ìwé DSM-IV ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí DSM-5 jáde ní 2013, wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn ọmọ náà sọ ohun tó ń ṣe ara wọn. Orúkọ tí a fún un ló sọ ọ́ di ohun àjèjì.

Ohun tí Yorùbá ti mọ̀

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí à ń sọ nígbà tí dáńfó bá ya wá lójijì ní Mile 12. Àyà mi já. Ara mi bù máṣọ. Itọ́ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Òógùn bò mí. Ẹ gbé e lé ìwé àwọn onímọ̀ lórí, ẹ ó rí i pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Ọpọlọ ránṣẹ́ sí àwọn nǹkan kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín, wọ́n sì tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ń lù kíkankíkan, àyà já nìyẹn. Iṣan tíńtìntín tó wà nídìí irun kọ̀ọ̀kan fà á dìde, ara bù máṣọ nìyẹn. Ara dá oúnjẹ dídà dúró ná, itọ́ bá gbẹ. Ẹ̀dọ̀ ń da ṣúgà jáde kí ẹsẹ̀ lè rí ohun fi sáré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, cortisol á tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó gba gbogbo èyí mọ́ra: ìgbáradì. Ẹ wo "dì" tó wà níparí rẹ̀. Òun la fi ń di ẹrù, òun la fi ń di àmùrè (ẹ rántí ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì: ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e). Ara di ara rẹ̀ mú láti jà tàbí láti sá. Kì í ṣe àìsàn. Òun ló jẹ́ ká sá fún dáńfó. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ara dì, kó má tú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ìtura" tàn yín pé títú ara ni o. "Tù" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "tú", ohùn wọn ò pa pọ̀.

Báwo ni ara ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó tú? Claude Bernard ní Faransé ti sọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé omi tó wà nínú ara gbọ́dọ̀ dúró déédéé kí ẹ̀mí tó lè wà. Walter Cannon ti Harvard dá "homeostasis" sílẹ̀ fún un ní 1926. Èdè Gíríìkì ló yá a: "bákan náà" àti "dídúró". Mo bọ̀wọ̀ fún Cannon, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jọ òkúta tó jókòó sójú kan. Ara kì í dúró. Oòrùn mú, ó làágùn. Omi dín, òùngbẹ gbẹ ẹ́, kíndìnrín sì há omi mọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ kí ìgbóná ara má baà jìnnà sí ìwọ̀n 37, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ki jù.

Yorùbá ní "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì". Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ka mọfọ́lọ́jì, ẹ tú u wò: wọ̀n, tún, wọ̀n. Ẹni tó bá ń wọn nǹkan, tó tún ń wọ̀n ọ́n, kò dúró. Ohun tí ara ń ṣe gan-an nìyẹn. Cortisol tó jáde á padà dé ọpọlọ, ọpọlọ á wọ̀n ọ́n, á rí i pé ó ti tó, á sì dá a dúró. A máa ń lo ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìwà nìkan, pé kí èèyàn má jẹ àjẹjù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí tó gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sàn ju ti Gíríìkì lọ.

Nígbà tí kóńgò bá tẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dé gẹ́lẹ́. Ní ọrùn àti nínú iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde, ara ní ibi tó fi ń wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri. Bí ó bá ga lójijì, ibẹ̀ á sọ fún ọpọlọ, ọpọlọ á fà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ga fún ìgbà pípẹ́, òṣùwọ̀n náà á yí. Ibi gíga yẹn ni yóò máa pè ní déédéé.

Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Oníṣòwò ń wọ̀n, ó tún ń wọ̀n, oníbàárà ń kà á, kò sẹ́ni tó jà. Síbẹ̀ gbogbo ìwọ̀n tó ti ibẹ̀ jáde ló lábùkù. Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga pẹ́. Kò gbọ́ ìró, nítorí òṣùwọ̀n inú rẹ̀ ń sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ìdí nìyí tí "ara mi ò ru" kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí. Ìdí nìyí náà tí oògùn tó mú un wálẹ̀ kò fi túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ: oògùn ló ń dì í mú níbẹ̀. Kí n má sì di ẹ̀bi gbogbo lé ìgbáradì lórí, iyọ̀, ọjọ́ orí, sísanra, ọtí, àti ohun tí a jogún lọ́dọ̀ òbí wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ wà ní rédíò, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ fún ilé ìwòsàn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń kà mí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ ní 1970, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni wíwá ọ̀rọ̀ tó bá ohun náà mu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu. Ẹ ṣe irú rẹ̀. Ẹ pe ẹrù ní ẹrù, ẹ pe ìdáhùn ara ní ìgbáradì, ẹ pe ìtọ́jú tí ara ń ṣe fún ara rẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ẹ bá sì ní láti sọ "ẹ̀jẹ̀ ríru", ẹ má dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi kún un pé: "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ga. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Oògùn yìí ló ń dì í mú, ẹ má fi í sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà wá ká tún un wọ̀n."