Àpótí Lẹ́tà Tí Ó Di Ilé Fọ́tò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ fẹ́ràn láti máa fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe, iṣẹ́ ọnà kan wà tí ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Kelani Abass ni ó ṣe é. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1979. Ilé ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ ni ó ti mọ òórùn yíǹkì kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology. Ní 2016, ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Centre for Contemporary Art ní Èkó.

Ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí mo ń sọ ni ó pè ní Casing History. Àpótí onígi pẹlẹbẹ tí àwọn atẹ̀wé ń kó lẹ́tà òjé sí ni ó mú. Ó ṣe ẹ̀dà àwọn fọ́tò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ wọ́n jáde ní kékeré, ó sì fi wọ́n sínú ihò àpótí náà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lè rò pé àwọn ihò náà kàn ṣèèṣì tóbi jura wọn lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí a ń lò jù ni ó máa ń ní ihò tí ó tóbi jù: nínú àpótí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ‘e’ ní ààyè gbàlàgbàlà, ‘z’ há sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí ojú ènìyàn wá gba ipò lẹ́tà, ihò ni ó ń pinnu ẹni tí yóò tóbi, kì í ṣe owó, kì í ṣe oyè. Ibi tí iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára jù nìyẹn. (Ẹnu àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò kò lórí ọ̀rọ̀ àwòrán, ibí kọ́ ni a ó ti parí rẹ̀.)

Oore tí kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ojúlówó fọ́tò kò fojú kan àlùmọ́gàjí. Ṣùgbọ́n ojú fọ́tò nìkan ni ẹ̀dà máa ń gbé wá. Ẹ lọ yí èyí tí ó wà lọ́wọ́ ìyá yín àgbà padà: ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ wòlímọ́tù sí, ibẹ̀ náà ni òǹtẹ̀ ayafọ́tò wà. Nínú àpótí Abass, a rí ojú, a kò mọ ọmọ ta ni.

Ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọ̀wọ́ mìíràn, Colonial Indexicality, níbi tí ó ti lo fọ́tò tí Northcote Thomas, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, yà ní ilẹ̀ Ẹdó àti ilẹ̀ Ígbò láàrin 1909 sí 1913. Thomas a máa gbé nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń yà, bí ẹni ń ka ẹrù. Síbẹ̀, ó kọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó ẹ̀dà fọ́tò náà padà sí àwọn ìlú wọ̀nyẹn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn kan rí bàbá ńlá wọn níbẹ̀.

Bí ó bá ṣe tèmi ni, ihò kan ìbá wà nínú àpótí Casing History kọ̀ọ̀kan fún ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ sí.