Àgò Ni, Kì í Ṣe Ìdílọ́wọ́: Lámèyítọ́ Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ìdílọ́wọ́ tàbí ìdádúró ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ògbufọ̀ tí ó bá pàdé interrupt nínú ìwé kọ̀ǹpútà. Méjèèjì kò kún ojú òṣùwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìdílọ́wọ́ yóò rò pé àṣìṣe ni, yóò sì máa wá bí yóò ṣe mú un kúrò.

Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà orí pátákó kan ṣoṣo tí ó jáde ní 2012, yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bí bọ́tìnì bá wà lára ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kan, ọpọlọ rẹ̀ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́, bí onílé tí ó ń dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ó sì lè gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ títí bọ́tìnì yóò fi ké sí i. Nígbà náà ni yóò sàmì sí ibi tí ó bá iṣẹ́ dé, yóò dáhùn, yóò sì padà síbẹ̀. Ẹni tí ó ń to ẹ̀rọ náà ni ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: ẹsẹ̀ tí yóò ké, bóyá ìgbà tí iná bá gòkè ni tàbí ìgbà tí ó bá wálẹ̀, àti iṣẹ́ tí yóò dá a lóhùn. Ta ni ó ń ṣètò ìdílọ́wọ́ fún ara rẹ̀?

Ní Accra, àlejò tí ó dé ilé Gã, Akan tàbí Ewe a máa ké agoo, onílé a sì dáhùn pé amee. Yorùbá ní àgò onílé o, èsì rẹ̀ sì ni àgò yà. (Àwọn Yorùbá oníṣòwò tí òfin ọdún 1969 lé kúrò ní Ghana kò nílò ògbufọ̀ fún èyí.) Àgò kò pàṣẹ ìdúró, ọ̀nà ni ó ń tọrọ, ẹni tí ó sì yàgò ti fi ọ̀nà sílẹ̀. Bí ọpọlọ bá dáhùn tán tí kò pa àmì ìpè rẹ́, ẹ̀rọ àsomọ́ lè máa ké lọ, bí àlejò tí kò gbọ́ àgò yà.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kò yẹ kí a retí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀.

Àgò náà ní àbùkù. Aago inú kọ̀ǹpútà ń ké sí ọpọlọ pẹ̀lú. Àgò aago ni ìyẹn yóò jẹ́, òǹkọ̀wé tí kò bá sì fi àmì ohùn sí i yóò sọ ọ́ di ife ìmumi. Bẹ́ẹ̀ ni ìpè kan wà tí ọpọlọ kò lè di etí sí, tí kì í tọrọ ọ̀nà rárá. Ìjálù ni ó bá ìyẹn mu.