Ìtàn Ló Ni Àmì: Àgbéyẹ̀wò Àwòrán Venus àti Adonis tí Rubens Yà

Ìfáàrà
Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àwòrán yìí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Ìhòòhò Venus nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn rí. Ẹnì kan rí ọ̀kọ̀ àti ajá, ó ní Ògún ni wọ́n ń bọ. Àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ṣe: wọ́n túmọ̀ àmì kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni pé ìtàn ló ni àmì.

Ìtàn inú àwòrán
Peter Paul Rubens (1577–1640) ya àwòrán náà ní nǹkan bí ọdún 1635, ní sáà Baroque. Metropolitan Museum of Art ní New York ló wà. Inú Metamorphoses, ìwé Ovid, akéwì Róòmù, ni ìtàn rẹ̀ ti wá. Ọfà Cupid ṣèèṣì ha Venus, òrìṣà ìfẹ́, láyà. Ìfẹ́ Adonis, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ, sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Venus kìlọ̀ fún un nípa ẹranko búburú, kò gbọ́. Ìmàdò pa á, òdòdó sì hù láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìtúpalẹ̀
Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé àwòrán ìdágbére ni. Ọ̀kọ̀ Adonis ń tọ́ka sí igbó tí ikú ti ń dúró dè é. Àwọn ajá sì ti ṣe tán láti bá a lọ. Cupid rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: ẹni tó ń fi ọfà mú ènìyàn ló wá ń fi ọwọ́ lásán bẹ̀bẹ̀, nítorí Venus ni ọfà bà, kò ba Adonis. Lójú tèmi, ìhòòhò Venus kì í ṣe àmì ìgbádùn. Òrìṣà tí agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Bí ayàwòrán bá ya obìnrin tó we gèlè bo etí, tó gbé ọbẹ̀ síwájú ọkọ, ọmọ Yorùbá yóò ti dárúkọ Ọbà, Ọ̀ṣun àti Ṣàngó. Ará New York yóò ní obìnrin kan ń gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ ni.

Ìtàn tún ń jẹ́ kí a rí ohun tí ayàwòrán yí padà. Nínú ìwé Ovid, Venus ló kọ́kọ́ lọ. Titian ló ti yà á ṣáájú pé Adonis ló ń já ara rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n Cupid tirẹ̀ ń sùn. Rubens jí i, ó sì fún un níṣẹ́ ṣe.

Àgbálọgbábọ̀
Ní Lamisula níbí, níbi tí ọmọ Kànúrí, Ṣúwà, Haúsá àti Yorùbá ti lè jókòó sínú kíláàsì kan, kò yẹ kí olùkọ́ fojú di ohun tí ìtìjú àti ẹ̀sìn ń sọ. Kí ó kọ́kọ́ pa ìtàn. Lẹ́yìn náà, kí ó fi apá ibi tí Cupid wà nìkan hàn, kí ó bi wọ́n pé: kí ló dé tí ọmọ yìí kò jẹ́ kí ọdẹ lọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn ìyẹn ti ka àwòrán náà.