Ojú Ọnà Olùkọ́

Ère idẹ kan wà ní iwájú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ní Oníkan, ní Erékùṣù Èkó. Anyanwu ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Ìgbò, ojú oòrùn ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ó ń nà sókè bí ẹni pé ilẹ̀ ni ó ti ń yọ jáde bọ̀. Ben Enwonwu ni ó ṣe é láàárín 1954 sí 1955, kí a tó ṣí ilé náà ní 1957. Àìmọye ọmọ ilé-ìwé ni ó ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ kọjá lára rẹ̀, tí olùkọ́ wọn ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó máa ń wù mí kí n bi irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ léèrè pé: ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ta ni ó kọ́ yín bí a ti í wò ó?

N kò fi ìbéèrè yìí ṣe olùkọ́ ní yẹ̀yẹ́. Mo ń bèèrè nítorí pé olùkọ́ ni ó bí ilé yẹn. Kenneth Murray, tí ó jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìjọba tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í ṣe awalẹ̀pìtàn. Iṣẹ́ olùkọ́ àwòrán ni ó bá dé Nàìjíríà ní 1927, Enwonwu sì wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́. Bí a bá rí Anyanwu ní iwájú ilé Oníkan, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé ni a rí lẹ́nu ọ̀nà ilé tí olùkọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀.

Kí Murray tó dé, Èkó ti ní olùkọ́ tirẹ̀. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, ti ń yàwòrán ènìyàn fúnra rẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé-ìwé kan dé èkejì ní Èkó. King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ojú ènìyàn ṣe ń jọ ojú ènìyàn lórí bébà, àti bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré tí èyí tí ó súnmọ́ni ń tóbi. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ kejì yìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní "Mr. Perspective". Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Onabolu yà á, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i. Òun náà ni ó ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi olùkọ́ mìíràn kún òun. Murray ni wọ́n mú wá.

Èrò àwọn méjèèjì kò papọ̀. Murray kò fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà máa fara wé ayàwòrán òyìnbó. Ó ní kí wọ́n wo ọjà, kí wọ́n wo ìkòkò, kí wọ́n wo igi tí àwọn baba wọn gbẹ́. Òun pàápàá lọ kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ Bernard Leach, gbajúgbajà amọ̀kòkò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn lámèyítọ́ ti fi ìyapa èrò yìí ṣe oúnjẹ fún ọdún pípẹ́: èyí gbè sẹ́yìn Onabolu pé òun ni ó gba ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, èyí gbè sẹ́yìn Murray pé òun ni ó mọ iyì ohun tiwa. Tèmi ni pé àwọn oníjà méjèèjì fẹnu kò lórí ohun kan tí àwa ti gbàgbé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rò pé ènìyàn lè fi ẹnu lásán kọ́ ọmọ ní ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ṣe rí. Ní 1937, nígbà tí Murray kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún lọ sí ìpàtẹ ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kó tirẹ̀ náà mọ́ ọn. Ó tó 1943 kí ìjọba tó yàn án láti máa rìn káàkiri láti ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Àwòrán yíyà ní kíláàsì ni ó ṣáájú. Ilé ìkóhun-sí ni ó tẹ̀ lé e.

Lóde òní, kí ni a ń pe olùkọ́ wá ṣe? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá wọn jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ṣe fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Erékùṣù. N kò ní dárúkọ àwọn tí ó gbé e kalẹ̀, nítorí èrò rere ni wọ́n ní, mo sì jẹ nínú ìrẹsì wọn. Láti agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di agogo méjì ọ̀sán, ẹnì kan ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé, àwòrán sì ń yí lójú ògiri. Nígbà tí ó kan Ẹ̀yọ̀, ọ̀gbẹ́ni náà fi àwòrán kan hàn wá, ó ní Ẹ̀yọ̀ Adímú nìyẹn. Akẹtẹ̀ pupa ni ó wà lórí Ẹ̀yọ̀ náà.

Obìnrin olùkọ́ kan tí ó jókòó tì mí, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó, fẹ̀gbẹ́ kàn mí. Ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti Làbà nìyẹn o. Akẹtẹ̀ dúdú ni ti Adímú."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe nawọ́ sókè kí ẹ sọ fún wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọn ò pè wá wá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n pè wá wá gbọ́ ni."

Mo rò ó pé àṣìṣe ọ̀gbẹ́ni yẹn kò tó nǹkan. Ta ni kì í ṣi àwòrán mú? Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà ní ìjókòó, ètò náà kò sì ní ibi kankan tí a lè gbé ìmọ̀ rẹ̀ sí. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí obìnrin yẹn ní: ojú ọnà. Ẹni tí ó ní ojú ọnà ni ẹni tí ojú rẹ̀ mọ ìyàtọ̀, tí ó mọ ìdí tí a fi ṣe ohun kan báyìí tí a kò ṣe é bọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a wo Ẹ̀yọ̀ fúnra rẹ̀. Funfun ni gbogbo wọn wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, a kò rí ojú, a kò rí ọwọ́, ọ̀pámbàtà kan náà ni wọ́n dì mú. Akẹtẹ̀ nìkan ni ó ń sọ ẹni tí ó ń bọ̀: dúdú fún Adímú, pupa fún Làbà, yẹ́lò fún Oníkò, àwọ̀ ewé fún Ológèdè, àwọ̀ àlùkò fún Agẹrẹ. Lẹ́yìn àwọn márùn-ún wọ̀nyí, àwọn ìgá yòókù ní akẹtẹ̀ tiwọn. Bí ènìyàn bá ń wá ẹ̀kọ́ lórí bí àwọ̀ kékeré kan ṣe lè gbé ìtumọ̀ ńlá nígbà tí a bá mú gbogbo ohun yòókù dọ́gba, n kò mọ ibi tí yóò ti rí èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba kíún, kò gba bọ́rọ́ọ̀ṣì. Ó gba kí a ní kí olùkọ́ sọ ohun tí ó rí.

Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ti rí ọgbọ́n yìí ná. Ní New York, ní ilé ọnà òde-òní tí wọ́n ń pè ní MoMA, Philip Yenawine tí ó darí ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀ láti 1983 sí 1993, pẹ̀lú Abigail Housen, gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún olùkọ́: kí ó mú ọmọ dúró síwájú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ó bi í ní ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ó bi í ní ohun tí ó rí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì bi í bóyá ohun mìíràn ṣì kù. Ẹni tí wọ́n bá fi àlọ́ àpamọ̀ tọ́ dàgbà kò ní ka èyí sí ohun àrà. Síbẹ̀, kí òyìnbó máa fi ọgbọ́n àlọ́ wo àwòrán, kí àwa sì máa fi ìwé kíkà pa olùkọ́ lóorun níwájú iṣẹ́ baba rẹ̀, ó yẹ kí ó tì wá lójú díẹ̀.

Wíwò nìkan kò tó ṣá. Bruce Onobrakpeya, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, olùkọ́ ilé-ìwé ni. St. Gregory's College, ní Ọbáléndé, tí kò jìnnà sí Oníkan, ni ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà láti 1963 sí 1980. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria kí ó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Láàárín àwọn ọdún 1960, ó ń lọ sí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alákànṣe ti Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ifẹ̀, èyí tí Ulli Beier àti àwọn ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti bá Ru van Rossem pàdé, ará Họ́láǹdì tí ó ń kọ́ni bí a ti ń fín irin, tí a ń fi tàdáwà kún ojú fífín náà, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ní 1967, ásíìdì ṣèèṣì ba pátákó líno rẹ̀ kan jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù. Onobrakpeya tún un ṣe, ó rí ọ̀nà tuntun nínú ìjàǹbá náà, láti ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ títẹ̀ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkèèrè ti jáde. Ní gbogbo àkókò yìí, kò kúrò ní kíláàsì. Ní 1998 ẹ̀wẹ̀, ó dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Agbarha-Otor, ní ìlú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan yóò sọ: kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni yóò di Onobrakpeya. Òtítọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n dì í. Ohun tí mo rí nínú ìtàn rẹ̀ ni olùkọ́ tí a fi irinṣẹ́ lé lọ́wọ́, tí a gbà láyè láti ba nǹkan jẹ́. Mbari fún olùkọ́ ní irinṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní àkójọ iṣẹ́ àtijọ́ bíi ti Oníkan. Oníkan ní àkójọ náà, láti ère amọ̀ Nok dé idẹ Bìní, dé ọkọ̀ tí wọ́n ti pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 1976. Tábìlì tí olùkọ́ yóò ti yí amọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti wo amọ̀ Nok tán ni mo ń wá. Láti oṣù kìíní 2023 tí wọ́n ti ṣí John Randle Centre sí ìtòsí ibẹ̀, Oníkan ti di ilé méjì. Inú mi dùn sí i. Àwòrán tí ń rìn àti ohùn tí ń jáde lára ògiri ibẹ̀ lẹ́wà púpọ̀. Àmọ́ ògiri tí ń sọ̀rọ̀ náà lè sọ olùkọ́ di ẹni tí ó kàn ń gbọ́, bí a kò bá ṣọ́ra.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni mo ń sọ. Ní Tinúbú, ilé kan wà tí àwọn Àgùdà kọ́ ní nǹkan bí 1855, Ilojo Bar ni a mọ̀ ọ́n sí. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ohun tí ó fà á jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ olùkọ́ lọ. Ilẹ̀ Èkó wọ́n, ẹbí a sì máa pọ̀. Àmọ́ ọgọ́ta ọdún ni òfin fi dáàbò bo ilé yẹn, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ alórí-róbótó lọ́jọ́ gbogbo. Mélòó nínú wọn ni ẹnì kan dá dúró níbẹ̀ tí ó ní kí ó ya fèrèsé kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀? Ọmọ tí ó bá ti fi pẹ́ńsù tọ ipasẹ̀ ọwọ́ bíríkìlà àti káfíńtà rí kì í pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àlàpà. Mọ́sálásí Shitta-Bey ṣì wà ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Olùkọ́ tí ó bá jáde ní Oníkan lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ti pa àwòrán, orin, ijó àti eré orí ìtàgé pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ lé olùkọ́ kan ṣoṣo lórí. Ẹni tí a di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún kò nílò ìwé ẹ̀rí mìíràn tí a fi ike bò. Ìwọ̀n tún wà fún gbogbo nǹkan ní Ìsàlẹ̀ Èkó: ohun tí ó wà nínú ìgá tí kì í ṣe ti ojú gbogbo ènìyàn, kí olùkọ́ má ṣe fà á jáde nítorí ẹ̀kọ́ àwọ̀.

Obìnrin olùkọ́ ọjọ́ yẹn mọ èyí jù mí lọ. Mo yà kí i ní kíláàsì rẹ̀ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Páálí ìsáná àti páálí mílíìkì kún ilẹ̀; àwọn ọmọ ń gé akẹtẹ̀. Ó ti sọ fún wọn pé akẹtẹ̀ ilé oníkálùkù ni kí wọ́n ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ti ìgá kankan. Ọmọkùnrin kan kun tirẹ̀ ní dúdú. Olùkọ́ bi í pé kí ni ó rí ní ilé wọn tí ó fi yan dúdú, ọmọ náà kò rí nǹkan sọ. Ó ní, "Dúdú ní onídúdú. Lọ ro tìẹ." Ọmọ náà jókòó, ó ronú pẹ́ títí, ó wá lọ mú búlúù, ó ní ilẹ̀kùn ilé àwọn ni.

Mo bi ìyá olùkọ́ bóyá yóò kó wọn lọ sí Oníkan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́kọ́ dá lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, tòun ti pẹ́ńsù òun.