Ọ̀wẹ̀ Ni Tàbí Àáró? Àyẹ̀wò Awuyewuye Lórí Ìwé-Àṣẹ Redis

1.0 Ìfáárà

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà tí a ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ mu, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá wọ inú àjùmọ̀ṣe, ta ló ni èrè? Èròńgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi ọ̀rọ̀ Redis wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Àwíjàre tọ̀tún-tòsì ni a ó yẹ̀ wò, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ.

2.0 Òṣùwọ̀n Àyẹ̀wò

Àṣà ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ a máa ṣiṣẹ́ ní oko ara wọn ní yípoyípo. Ẹni tí a bá ṣe tirẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ló ni oko. Òun ló bẹ àwọn ènìyàn, òun ló ń wá oúnjẹ, òun náà ló sì ni ìkórè. Ìjà kì í pọ̀ níwọ̀n ìgbà tí oníkálukú bá ti mọ èyí tí òun wá ṣe.

3.0 Àyẹ̀wò

3.1 Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Salvatore Sanfilippo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló gbé Redis jáde ní ọdún 2009. Ètò yìí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tọ́jú dátà sínú mẹ́mórì kí ó lè tètè rí i lò. Ìwé-àṣẹ BSD tí ó fi sí i kò béèrè ohun púpọ̀ ju pé kí a má yọ orúkọ oníṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ náà kúrò. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Redis Labs gbà á síṣẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí yí ìwé-àṣẹ àwọn ètò àfikún kan padà ní ọdún 2018, ó fi dá ayé lójú pé Redis gan-an kò ní kúrò lábẹ́ BSD. Sanfilippo fi ipò olùdarí sílẹ̀ ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún sì gba iṣẹ́: mẹ́ta láti Redis Labs, ẹnì kan láti Amazon, ẹnì kan láti Alibaba.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà, tó ti ń jẹ́ Redis nígbà náà, kéde pé láti orí ẹ̀dà 7.4, ìwé-àṣẹ RSALv2 àti SSPLv1 ni yóò rọ́pò BSD. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn èyí tí àwọn tí kò fara mọ́ ọn fi gbé ẹ̀dà 7.2.4, tó ṣì wà lábẹ́ BSD, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Valkey lábẹ́ Linux Foundation. Amazon, Google àti Oracle wà lẹ́yìn wọn.

3.2 Àwíjàre Ilé-iṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń fi kọ̀ǹpútà yáni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń fi Redis pawó, àmọ́ wọn kò dá ohun tó tó padà. Ẹjọ́ ọlọ́wẹ̀ ni èyí: èmi ni mo bọ́ àwọn òṣìṣẹ́, èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n kórè. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò jẹun kò lè kọ kóòdù. Ṣùgbọ́n ibi méjì ni àwíjàre yìí ti mẹ́hẹ. Èkíní, àwọn òṣìṣẹ́ Amazon àti Alibaba wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú Redis. A kò lè ní wọ́n kàn wá jẹun ni. Èkejì ni ìlérí ọdún 2018. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

3.3 Àwíjàre Àwùjọ

Ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ka iṣẹ́ náà sí àáró. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. BSD kò fi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni dá iṣẹ́ padà, bẹ́ẹ̀ ni ìdápadà ni òpó tó gbé àáró ró. Bí a bá sì ní àwùjọ ló bínú, ó yẹ kí a béèrè pé àwùjọ wo? Àwọn olówó ńlá tí ilé-iṣẹ́ Redis ń fẹ̀sùn kàn wà lára àwọn tó dúró ti Valkey. Ẹni tí kò gba owó oṣù, tó kàn ń tún àṣìṣe kóòdù ṣe lóru, ohùn tirẹ̀ kò dún sókè nínú ariwo náà.

3.4 Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Sanfilippo padà sí ilé-iṣẹ́ náà ní ìparí ọdún 2024. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Redis 8 jáde pẹ̀lú ìwé-àṣẹ AGPLv3 gẹ́gẹ́ bí àfikún. Èyí sọ pé ẹni tó bá tún ètò náà ṣe, tó sì ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn lò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ fi kóòdù rẹ̀ hàn wọ́n. Ní ìwọ̀n tiwa, èyí sún mọ́ àáró ju BSD lọ. Síbẹ̀, Valkey kò padà sílé. Ojú àpá kì í jọ ojú ara.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé owó nìkan kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Àìsọ àdéhùn yékéyéké láti ìbẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kí ẹnì kan máa ṣe ọ̀wẹ̀ níbi tí ẹnì kejì ti ń ṣe àáró. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè. Wikipedia èdè Yorùbá, fún àpẹẹrẹ, wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ CC BY-SA: ẹni tó bá tún ohun tó wà níbẹ̀ ṣe tó sì pín in gbọ́dọ̀ pín in lábẹ́ irú àdéhùn kan náà. Àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ń béèrè ohùn, ọ̀rọ̀ tàbí ìtumọ̀ wa lè má rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè ohun mẹ́ta: ta ló ni oko? Ta ló ni orúkọ? Bí a bá fẹ́ lọ, ṣé a lè gbé ìkórè wa dání? Ní ti Redis, kóòdù ṣeé gbé lọ, orúkọ kò ṣeé gbé. Ìdí nìyẹn tí Valkey fi ní láti gba orúkọ tuntun. Kí a tó ki ọkọ́ bọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ wá sí tàbí àáró.