Ilojo Bar: Ojú Ilé Dára, Ẹ̀yìnkùlé Ńkọ́?

Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà dé, kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ibi tí a mọ̀ lónìí sí Gbàgede Tinúbu ní Èkó. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe. Ní 1933 ló bọ́ sọ́wọ́ Alfred Ọláìyá, ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Èkìtì, bàbá Victor Ọláìyá olórin highlife. Bí ilé tí wọ́n ń pè ní Casa do Fernandez ṣe di Ilojo Bar nìyẹn. Wọ́n ti wó o báyìí, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò.

Wo ìsàlẹ̀ ná. Ẹnu ọ̀nà tò tẹ̀ léra, orí wọn tẹ̀ roboto, òpó ọlọ́nà sì dúró láàárín wọn. Lókè, fèrèsé náà tẹ orí, irin ọlọ́nà ló di iwájú wọn. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ilé náà kò fi ara pamọ́. Gbàgede ló kọjú sí, kò sí ògiri láàárín òun àti ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó fẹ́ ta ọtí ló kọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé oníbàárà kì í kan ilẹ̀kùn.

Àmọ́ ojú títì ló gba gbogbo ọgbọ́n oníṣẹ́ náà. Ní Ìgbájọ ní Ọ̀ṣun níhìn-ín, bí agboolé bá kún, wọn á fa yàrá kan sẹ́yìn, ọmọ mìíràn á kọ́ tirẹ̀ sápá ọ̀tún, kò ní pẹ́ tí ilé bàbá kan yóò fi di mẹ́ta láìwó èyí tó wà níbẹ̀. Ilojo Bar kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Àárín ọjà Èkó ló wà. Ọmọ ń di púpọ̀, ilẹ̀ ń wọ́n sí i, kò sì síbi tí ilé lè gbà tóbi àfi òkè; kó tó lè lọ sókè, wọ́n ní láti kọ́kọ́ wó o.

Ilé ìdílé kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá tà. Bí ọmọ kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, kóòtù yóò ní kò tà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ní Èkó pé ilé yìí kì í ṣe títà. (Ta ni wọ́n ń bá wí, àlejò ni àbí ọmọ ilé?) Ìjọba náà kọ tirẹ̀: ní 1956 wọ́n ka Ilojo Bar mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin ka wíwó rẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe ń gbowó. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ láìka ìwé ìjọba tó wà lórí rẹ̀ sí.

Iṣẹ́ àwọn Àgùdà kò kúkú dúró sí etí òkun. Oníṣòwò àti oníkòkó gbé e wọ ìlú òkè, dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà: òpó ọlọ́nà, fèrèsé títẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín yàrá. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú ilé ọ̀hún, símẹ́ńtì ni wọ́n fi bo ojú wọn. Ọnà wọn kò dán tó ti Èkó. Níbòmíràn òpó kan á sanra ju èkejì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn wọn jù, torí wọ́n gba ojú ilé àwọn Àgùdà, wọn kò sì fi ẹ̀yìnkùlé tiwa sílẹ̀. Àwọn náà ti ń yí padà. Fèrèsé títẹ̀ wọ̀nyẹn ni àwọn ọmọ ilé ń yọ, tí wọ́n ń fi onígíláàsì dípò, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n lẹ́jọ́.